Kí Ló Lé Wọn Dé Òfurufú?

Ọkùnrin náà ò tíì fìdí kan àga tó ti béèrè ìbéèrè rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, bí ilé kan bá gùn tó ìlú mẹ́wàá, tí kò sì sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ibo lẹ máa fi ẹnu ọ̀nà sí?"

Ayàwòrán ilé gbé pẹ́ńsù rẹ̀ sílẹ̀. Ọ́fíìsì bàbá rẹ̀ ló ti ń dá ṣiṣẹ́, torí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ni bàbá máa ń wà, ojú rẹ̀ sì ti rí oríṣiríṣi oníbàárà: ẹni tó fẹ́ yàrá mẹ́fà sórí ilẹ̀ tí kò gba mẹ́ta, ẹni tó fẹ́ kí ilé ìdáná jìnnà sí ìyá ọkọ òun. Àmọ́ kò tíì rí ẹni tí kò ní ilẹ̀ rárá.

"Kò sí ilẹ̀ kẹ̀? Ibo lẹ wá fẹ́ kọ́ ọ sí?"

"Òfurufú. Ẹ̀yìn òṣùpá lọ́hùn-ún."

Bàtà ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ wò, bóyá ẹni tórí ẹ̀ pé ni. Bàtà mọ́, okùn rẹ̀ sì so dáadáa. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bá a rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú. Ìtàn ni mò ń sọ lórí rédíò nírọ̀lẹ́. Mo kó odindi ìran kan kúrò nínú ayé wọn, mo kó wọn sínú ilé kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ sí òfurufú. Àwọn tó ń gbọ́ mi ò wá jẹ́ kí n rímú mí. Ẹnì kan ní ṣé wọn ò ní máa léfòó kiri inú ẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ ni? Ẹlòmíì ní ibo ni wọ́n ti ń rí omi? Mo rí pátákó yín níta, mo ní ẹ jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ nípa ilé."

Iṣẹ́ pọ̀ lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ó fa bébà tuntun kan yọ.

"Ẹ jẹ́ kó rí bíi páìpù, páìpù ràgàjì tí inú ẹ̀ ṣófo. Kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó máa yí bí òkòtó, jẹ́jẹ́, láìdúró. Ẹ ti so okùn mọ́ garawa omi rí, kẹ́ ẹ fì í yípo? Omi ò ní dà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn èèyàn yín ò ní léfòó. Ògiri inú páìpù ló máa di ilẹ̀ wọn."

"Tí wọ́n bá wá gbójú sókè ńkọ́?"

"Òrùlé aládùúgbò wọn ni wọ́n máa rí lódìkejì, bí ẹni tó dorí kodò. Oko á wà lókè orí wọn. Odò á ṣàn kọjá lórí wọn, kò sì ní kán."

Ọkùnrin náà sún mọ́ tábìlì. Ó ń wo bébà náà bí ẹni pé ilé tirẹ̀ gan-an ni wọ́n yà fún un.

"Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ìṣòro yín," ni ayàwòrán wí. "Gbogbo wàhálà yìí, gbogbo irin yìí. Kí ló lé wọn dé ibẹ̀ ná?"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà fi ọwọ́ họ orí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó wá."

Ó lọ rò ó wá lóòótọ́, kò sì yéé wá mọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní wọ́n ti pọ̀ jù ni, ayé wọn ò gbà wọ́n mọ́.

"Ẹni tó lè kọ́ ìlú mẹ́wàá sínú páìpù," ni ayàwòrán dáhùn, "ṣé kò lè kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílé ni? Ẹ tún un rò."

Nígbà tó tún dé, ó ní òòrùn wọn ló ń kú lọ. Ìyẹn ò wọ̀ ọ́ létí. Ó tún wá, ó ní ogun ni, wọ́n ń wá ibi tí apá ọba kankan ò ti ní ká wọn.

"Èyí dára díẹ̀," ló sọ. "Àmọ́ ẹni tó sá fún ọba, tó bá débẹ̀ tán, á tún fi ẹlòmíì jọba."

"Ṣé ìgbéraga ni ká wá pè é?"

"Ìgbéraga máa ń kọ́ ilé gíga. Kì í kọ́ èyí tó gba odò àti oko. Ẹni tó bá ń gbé odò lọ, ó fẹ́ gbé ibẹ̀ pẹ́ ni."

Kò sí èyí tó lè sọ nínú wọn pé ọjọ́ báyìí ni "ẹ" di "o" láàárín wọn. Ohun tí ayàwòrán mọ̀ ni pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rédíò lọ sí ilé ìdáná nírọ̀lẹ́, àti pé ohùn ọkùnrin náà máa ń mú kí ọbẹ̀ jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ ọ́fíìsì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, "Ayàwòrán mi, mo ti mọ ohun tó lé wọn dé òfurufú."

"Kí ni?"

"Ọkùnrin kan nínú wọn ló fẹ́ràn ayàwòrán kan. Ó ń wá iṣẹ́ tí kò ní í tán láéláé, kó má bàa sí ìdí tó fi máa kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀."

Ó fẹ́ sọ pé ìyẹn náà ò wọ òun létí. Ẹ̀rín ló bá jáde. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé òjò. "Olólùfẹ́ mi," ni ọkùnrin náà pè é, bí ẹni ń tọ́ orúkọ wò. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti di ti ara wọn.

Ilé bàbá ayàwòrán ni ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó.

Bàbá Kọnkéré ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá náà. Yanrìn ló ti ń fi orí rù nígbà èwe rẹ̀, kó tó di ẹni tó ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ káàkiri. Kò fẹ́ràn àsọdùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń sọ̀rọ̀ jù níwájú rẹ̀, á ní, "Ọ̀rọ̀ ò gba òjò dúró." Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí, ti fẹ́ dókítà, kò sì sí ìgbà tí wọ́n bá jọ jẹun tí kò ní í rántí láti sọ ọ́.

Nígbà tí ìyá wọn wá pè é lórí fóònù, tó ní, "Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti rí ẹnì kan. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" ayàwòrán la ẹnu láti sọ òótọ́. Ó gbọ́ ohùn Àǹtí lẹ́yìn ìyá wọn, tó ń béèrè pé, "Kí ló ní ó ń ṣe?" Ó rí ojú bàbá rẹ̀ lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé àlọ́ ni àna rẹ̀ ń pa jẹun.

"Ẹnjiníà ni, Mà," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ojú tì í kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní òun á tún un sọ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla. Ìyá sọ fún bàbá, bàbá sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń rín ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò rí lẹ́nu rẹ̀ rí. Bí irọ́ ṣe ń dàgbà nìyẹn. Títí wọ́n fi dá ọjọ́ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ máa wá kí àwọn òbí rẹ̀, kò sọ ọ́ fún òun náà. Ó kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má béèrè.

Wọn ò béèrè. Ìyẹn gan-an ló burú. Ohun tí èèyàn bá ti mọ̀, kì í béèrè é mọ́.

Bàbá, ìyá, Àǹtí àti àbúrò bàbá tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré ló jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n kí àlejò dáadáa, wọ́n gbé omi tútù fún un. Bàbá Kọnkéré ò tiẹ̀ jẹ́ kó mu ún tán.

"Ẹnjiníà, ẹ dìde, ẹ bá mi wo nǹkan."

Ẹ̀yìnkùlé ló mú gbogbo wọn lọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ń kọ́ lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Òpó kan ní ìsàlẹ̀ ti sán láti òkè wálẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.

"Àwọn òṣìṣẹ́ ní kì í ṣe nǹkan kan," ni bàbá wí. "Lọ́la la fẹ́ da kọnkéré òkè. Mo ní rárá, ẹnjiníà mi ń bọ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ, abẹ gé e. Ṣé ká dà á?"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wo òpó. Ó wo bàbá. Ó wá yíjú sí ayàwòrán, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì rí gbogbo rẹ̀ lójú olólùfẹ́ rẹ̀: irọ́ náà, ìgbà tó ti wà ńlẹ̀, àti ìbẹ̀rù. Ayàwòrán wolẹ̀. Ì bá ṣe pé ilẹ̀ lè lanu, ì bá kó síbẹ̀.

"Bàbá," ni ọkùnrin náà sọ, "ẹ forí jì mí. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ìtàn ni mò ń sọ lórí rédíò. Èmi ni mo pa irọ́ fún ọmọ yín. Òun ò mọ nǹkan kan."

Àǹtí pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Kékeré pariwo pé, "Gbájú-ẹ̀! Mo mọ̀! Ojú ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò!" Bàbá Kọnkéré ò pariwo. Ó kàn ní kó máa lọ.

"Mò ń lọ, Sà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da kọnkéré yẹn. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Gbogbo ohun tó kù kí ayàwòrán sọ ò ju gbólóhùn kan lọ. Èmi ni. Ìlà ara òpó ló tẹjú mọ́. Ó dúró síbẹ̀ títí géètì fi pa dé.

Ìyá rẹ̀ wá gbá a mọ́ra. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, Ọlọ́run ló yọ ẹ́." Ó ń fi ọwọ́ nu omijé rẹ̀, ó rò pé ti ẹni tí wọ́n tàn jẹ ni. Nínú gbogbo ìtìjú ọjọ́ náà, ìgbámọ́ra yẹn ló ta á jù.

Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́ ẹ. Àǹtí tó máa ń fi dókítà yangàn wá ń gbé oúnjẹ wá fún un. Bàbá Kékeré ń sọ ọ́ kiri pé òun ló já gbájú-ẹ̀ náà. Ayàwòrán ń gba ìkẹ́, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣé." Lálẹ́, kò lè wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí.

Ó pe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó pẹ́ kí ìyẹn tó gbé e.

"Kí ló dé tó o fi gbà á sórí?"

"Ojú rẹ ni mo wò. Mo rí i pé ìtìjú fẹ́ pa ẹ́, mo sì rò pé èmi máa lè rù ú." Ó mí kanlẹ̀. "Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n ti gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ mi. Màámi náà ti gbọ́."

"Mo mọ̀ pé irọ́ tí mo pa..."

"Irọ́ yẹn kọ́ ló dùn mí. Gbogbo ìgbà tá a jọ ń rẹ́rìn-ín lórí ilé yẹn, o ń tijú mi. Ìyẹn ló dùn mí. Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀, jọ̀ọ́."

Kò pè é ní olólùfẹ́ kó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Nírọ̀lẹ́ kan, ayàwòrán wà pẹ̀lú bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń fọ ṣọ́bìrì wọn. Wọ́n gbé rédíò kékeré kan sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ayàwòrán mọ ohùn náà.

Bàbá Kọnkéré náà dúró. "Ṣé kì í ṣe ọ̀gbẹ́ni yẹn nìyí?" Ó na ọwọ́ láti pa á.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀ ẹ́, "ọmọ kékeré inú ìtàn ti béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà pé kí ló lé wọn dé òfurufú. A ti ń retí èsì látọdún tó kọjá."

Ni ohùn náà bá ń sọ ọ́ lọ: "Ìyá àgbà ní, 'Wọ́n á sọ fún ọ pé a pọ̀ jù. Wọ́n á ní ogun ni. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀, ọmọ mi. Àwa la ba ilẹ̀ wa jẹ́. Àwa la da oró sí odò, àwa la gé igbó títí kò fi ku ewé. A ò wá lè wo ojú ilẹ̀ náà mọ́. Ojú tì wá. A ní ká lọ jìnnà, jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tá ò fi ní í rí i mọ́. A kọ́ ilé tí ẹnì kan ò kọ́ irú ẹ̀ rí, torí àtisá fún ojú. Ọjọ́ tá a kó wọlé, a jókòó, ìtìjú sì jókòó tì wá. Òun ló kọ́kọ́ wọlé.'"

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rọra pa rédíò. Omi ń kán láti ara ṣọ́bìrì.

Bàbá àti ọmọ wọ mọ́tò. Bàbá ò tíì yí kọ́kọ́rọ́ tí ayàwòrán fi sọ ọ́.

"Bàbá mi, kò pa irọ́ kankan fún mi. Èmi ni mo pe é ní ẹnjiníà. Kò mọ̀ títí ẹ fi mú un dé ìdí òpó. Ó gbà á rù nítorí mi, èmi sì dákẹ́."

Bàbá di kọ́kọ́rọ́ mú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò bú u.

"Ẹnjiníà tí mo pè ní bí mo bá da kọnkéré yẹn, òpó náà ò ní gbé e. Látọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Gbájú-ẹ̀ ì bá ní kí n dà á, kó gba ìyàwó ẹ̀, kó máa lọ. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé ọmọ mi ò lè máa wò mí kí n lé aláìṣẹ̀ jáde, kó dákẹ́." Ó wo iwájú. "Kí ni mo ṣe fún ọ tó o fi rò pé o ò lè mú olóòótọ́ èèyàn wá bá mi, àfi kó o kọ́kọ́ lọ yá orúkọ fún un?"

Ojú ti bàbá náà. Ayàwòrán rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ìyá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nílé. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin náà. Ó ń fi abẹ́rẹ́ di bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, kò sì gbé ojú sókè.

"Ìwọ ni ayàwòrán yẹn."

"Èmi ni, Mà." Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó sọ ohun gbogbo. Kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Ìyá náà já òwú. "Dìde ńlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ inú yàrá ò wúlò fún mi. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ti bọ́ aṣọ lára ọmọ mi. Ojú wọn náà ni kó o ti lọ dá a padà sí i lára."

Bàbá Kọnkéré fúnra rẹ̀ ló pe gbogbo wọn. Pálọ̀ kan náà, èèyàn kan náà. Agbẹ̀bí jókòó sórí àga ńlá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wà lórí àga gígùn, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Ìyá rẹ̀ ló fipá mú un wá.

Ayàwòrán dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò jókòó. "Ẹ pe ọkùnrin yìí ní gbájú-ẹ̀," ló sọ. "Èmi ni òpùrọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń tijú iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ni mo fi mọ̀ ọ́n, òun ni mo sì fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Tí ò bá gbà, ó tọ́ sí mi."

Ìyá ayàwòrán fi ìborùn bojú. Àǹtí ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Kékeré wúkọ́, ó tún wúkọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni," ló sọ nígbẹ̀yìn, "mo ti sọ ohun tí kò dáa kiri. Màá lọ tún un sọ." Kò lè ṣe kó má fi kún un. "Àmọ́ ṣá o, àwọn èèyàn inú ìtàn yín yìí, ṣé torí ìtìjú nìkan ni wọ́n ṣe lọ lóòótọ́? Èmi ò gbà. Gbèsè ni wọ́n sá fún!"

"Ìwọ ni wọ́n sá fún," ni ìyá ayàwòrán sọ lábẹ́ ìborùn. "Àbúrò ọkọ tó ń wá láìránṣẹ́ síwájú."

Àǹtí rẹ́rìn-ín láìfẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣe ni wọ́n fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wọn rí wọn. Mo mọ irú wọn."

"Irú wọn ló ń sọ̀rọ̀ yìí," ni Bàbá Kékeré dá a lóhùn.

Bàbá Kọnkéré mi orí. "Ẹ ò mọ akọ́lé. Akọ́lé ò lè rí ibi tó ṣófo kó má wọ̀n ọ́n. Kò sí ìdí míì."

"Ọmọ ni," ni agbẹ̀bí sọ pẹ̀lẹ́. Gbogbo wọn yíjú sí i. "Ẹ̀yin ò gbẹ̀bí rí. Ẹni tó bá gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, kò sí ibi tó jìnnà jù fún un."

"Ìwọ tó o ni ìtàn," ni Bàbá Kọnkéré yíjú sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, "ta ló gbà á nínú wa?"

"Mi ò mọ̀, Sà. Mo rò pé mo mọ̀ nígbà tí inú ń bí mi."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Ayàwòrán ṣì wà ní ìdúró. Ẹnikẹ́ni ò rántí rẹ̀ mọ́, àyà rẹ̀ ò sì gbà á láti lọ jókòó láàárín wọn. Ó ń wo ilẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ ò tíì lọ síbì kan.

Ìgbà tó máa gbé ojú sókè, ojú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló kàn. Kò rẹ́rìn-ín sí i. Kò pè é. Ó kàn sún lórí àga gígùn náà, ó gbé ìrọ̀rí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúrò, ó sì gbé e sórí itan ara rẹ̀, kí àyè lè wà fún un.